Ẹ Má Fi Mẹ́kúrì Ṣeré

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ oògùn àti ọ̀dà, láti Onígbòǹgbò dé Ọ̀gbà àti Agége, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ̀rọ polarography àtijọ́, èyí tó ń fi mẹ́kúrì wọn èròjà, bá wà ní sítọ́ọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra kóńdẹ̀mù gbé e lọ. Òòlù ni wọ́n máa fi fọ́ ọ, mẹ́kúrì á sì dà sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. Jaroslav Heyrovský ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Prague lọ́dún 1922, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1959. Mẹ́kúrì á máa kán tó, tó, láti ẹnu ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín sínú omi oògùn, wọ́n á sì máa fi agbára iná kún un díẹ̀díẹ̀. Ibi tí iná tó ń gba inú omi náà kọjá bá ti fò sókè ni wọ́n fi ń dá èròjà mọ̀; bó ṣe ga tó ló ń sọ bí èròjà ọ̀hún ṣe pọ̀ tó. Wọ́n lè fi wọn metronidazole, Flagyl tí gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀kán yẹn ń kó jọ sísàlẹ̀ ni.

Mẹ́kúrì kì í rùn, ojú kì í sì í rí oró tó ń tú sáfẹ́fẹ́. Bó bá dà sílẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́, á yí wọ àlàfo táìlì, ibẹ̀ ni yóò ti máa ba afẹ́fẹ́ yàrá jẹ́ fọ́dún gbọọrọ. Ooru Èkó tún ń ràn án lọ́wọ́. Alfred Stock, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, mí oró mẹ́kúrì símú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí ń fọ́ ọ, ó ń gbàgbé nǹkan, kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ìgbà tó mọ̀ ló kọ̀wé ìkìlọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1926.

Nítorí náà, bí mẹ́kúrì bá dà sílẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ bọ́ òrùka góòlù ọwọ́ yín, torí bó bá kàn án, funfun ni yóò dà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi páálí kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ sì bu ìyẹ̀fun imí-ọjọ́ sórí ìyókù.

Ká dà á sí síǹkì ńkọ́? Èèwọ̀! Odò Ìyá Aláró ló ń gbé omi ìdọ̀tí Ìkẹjà lọ sọ́sà, a sì ń jẹ ẹja ọ̀sà. Ní Minamata, nílẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ kan da mẹ́kúrì sínú omi. Lọ́dún 1956 ni àrùn tó ti inú ẹja wá hàn síta; ó tún mú ọmọ inú oyún. Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí mẹ́kúrì tí wọ́n fi orúkọ ìlú yẹn pè.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ tilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ yẹn, kí ẹ sì ké sí àwọn LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláùsá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.