Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹ Má Ta Máṣíìnì Àtijọ́ ní Owó Irin

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ohun náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn kan ń pè é ní kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Ọ̀pọ̀ wa ń pè é ní máṣíìnì. Máṣíìnì náà ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Kì í ṣe máṣíìnì tuntun ni à ń wí. Ti àtijọ́ ni, èyí tó dúdú, tí a fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ sí lára, tí a ń fi ọwọ́ yí tàbí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní Ọ̀tan Ayégbajú, ní Ìgbájọ, ní Òkukù, ní Ìlá Ọ̀ràngún, ẹ lè rí irú rẹ̀ ní igun yàrá. Èkuru ti bò ó. Wọ́n ti gbé garawa lé e lórí. Àwọn ará ilé rò pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ kò kú. Wọ́n sùn ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń jí wọn.

Ibi tí máṣíìnì ti wá

Ní ọdún 1851, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Isaac Merritt Singer gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí máṣíìnì ìránṣọ tí ó ṣe. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe máṣíìnì, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ló tàn jù. Ní 1856, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta máṣíìnì fún àwọn ènìyàn kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni ẹni tí kò ní owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣe lè ní máṣíìnì tirẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Singer ńlá kan wà ní Clydebank ní ilẹ̀ Scotland. Wọ́n ṣí i ní 1885. Ní ọdún 1913 nìkan, máṣíìnì tó jáde níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí gbogbo ayé. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1980. Nítorí náà, bí a bá fọ́ máṣíìnì Clydebank kan túútúú, kò sí òmíràn tí yóò ti ibẹ̀ wá mọ́.

Ní ilẹ̀ India, Mahatma Gandhi kò fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Síbẹ̀, ní 1924, ó ya máṣíìnì Singer sọ́tọ̀. Ó kà á mọ́ ìwọ̀nba ẹ̀rọ tó wúlò fún ọmọ ènìyàn.

Kí ló dé tí máṣíìnì àtijọ́ fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Irin líle ni wọ́n fi ṣe é. Máṣíìnì ọlọ́wọ́ kò ní wáyà, kò sì nílò iná mànàmáná. Bí ọdún bá ku ọ̀la, tí oníbàárà jókòó ti aránṣọ, tí wọ́n sì mú iná lọ, iṣẹ́ kò ní dúró.

Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu máṣíìnì Singer yín. Ẹ wo irin pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀, ní apá ọ̀tún. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀. Láti nǹkan bí 1900 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà ṣáájú nọ́ńbà náà.

Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, tí lẹ́tà náà sì jẹ́ Y, Clydebank ni wọ́n ti ṣe é, láàárín 1921 sí 1935. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà méjì, tí E ṣáájú, bíi EC tàbí EE, Clydebank náà ni, ṣùgbọ́n láti 1935 síwájú ni.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ra máṣíìnì náà sí i, bí àwọn àgbà ilé bá mọ̀ ọ́n. Bí olè bá gbé e lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà yìí ni ẹ ó fi han ọlọ́pàá pé tiyín ni.

Ìyá àgbà àti onírin

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan.

"Ẹ kú ilé o, màmá. Ẹ ò ní irin àlòkù tí ẹ fẹ́ tà?"

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Máṣíìnì kan ń bẹ nínú ilé. Mo yí i títí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀."

"A jẹ́ pé ó ti kú nìyẹn, màmá. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n."

Ọmọ-ọmọ ìyá náà, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, gbọ́ ohùn wọn, ó sì jáde. Ó kúnlẹ̀ kí onírin. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Ọmọ náà fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì róbótó tó wà láàárín wíìlì máṣíìnì. Ó ní, "Nọ́ọ̀tì yìí ló tú. A máa ń tú u bí a bá fẹ́ ká òwú sí bọ́bìnì, kí abẹ́rẹ́ má baà máa lọ sókè sódò. Ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn ni kò dè é padà." Ó fi ọwọ́ dè é. Ó yí máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ lọ sókè, ó wá sílẹ̀.

Ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Máṣíìnì yìí ni mo fi rán aṣọ ilé ìwé bàbá rẹ."

Onírin rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ gbé e wọlé o. Èyí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n mi."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Onírin kò ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n owó ìwúwo irin ló ń san. Kò lè san owó aṣọ tí máṣíìnì náà ṣì lè rán. Nítorí náà, kí a tó pè é, ẹ jẹ́ kí a yẹ máṣíìnì wò.

Bí a ṣe ń jí máṣíìnì tó ti gan

Ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí: aṣọ rírọ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré, sìkúrúdíráfà, kẹrosíìnì díẹ̀, ọ́ìlì máṣíìnì, àti abẹ́rẹ́ tuntun.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì àárín wíìlì. Bí ó bá tú, ẹ dè é. Bí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sókè sódò, ẹ ti yanjú ohun tó pọ̀.

2. Ẹ yọ òwú àti abẹ́rẹ́. Ẹ yọ bọ́bìnì àti ilé rẹ̀. Ẹ ó bá èérí òwú níbẹ̀, nígbà mìíràn òwú yóò ti wé mọ́ irin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò. Nínú máṣíìnì kan, ilé bọ́bìnì róbótó. Nínú àwọn kan tó pẹ́ jù, ó gùn, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó, bí ọkọ̀ tí ahunṣọ ń jù sọ́tùn-ún sósì. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá sọnù, máṣíìnì kò lè rán aṣọ.

3. Bí máṣíìnì bá ṣì le, ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sínú àwọn ihò ọ́ìlì, àti síbi tí irin ti ń ha irin. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ó jìnnà sí iná, sí fìtílà àti sí sìgá.

4. Ní ọjọ́ kejì, ẹ rọra yí i. Bí kò bá lọ, ẹ tún kán kẹrosíìnì sí i, kí ẹ dúró. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tó gan fún ogún ọdún kò ní là ní ọjọ́ kan.

5. Bí ó bá ti ń yí, ẹ nu kẹrosíìnì kúrò pátápátá. Kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í ṣe é lóore bí ọ́ìlì. Ẹ wá kán ọ́ìlì máṣíìnì, ẹ̀kán kan tàbí méjì, sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí i díẹ̀ kí ọ́ìlì lè wọlé.

6. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Ẹ ka ara páálí abẹ́rẹ́ kí ẹ tó rà á. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ilé ti Singer ń lo èyí tí wọ́n kọ 15×1 tàbí HA×1 sí. Nọ́ńbà 14 dára fún àǹkàrá. Nọ́ńbà 16 dára fún aṣọ tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ara abẹ́rẹ́ náà. Ojú kan ní ihò gígùn bíi poro oko. Ojú tí poro gígùn yìí wà ni kí òwú ti máa wọlé. Bí a bá yí abẹ́rẹ́ sódì, máṣíìnì yóò máa fo, tàbí kí ó máà rán rárá.

7. Ẹ fi àkísà dán an wò kí ẹ tó fi aṣọ olówó sí i.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà sí máṣíìnì. Bí wọ́n bá gbẹ, wọn a le bí àtè, wọn a sì di irin mú. Ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò sí i, nítorí ó ki jù. Ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ má fi yanrìn, eérú tàbí sípírítì nu ibi tí àwọ̀ wúrà wà. Yanrìn àti eérú yóò ha á, sípírítì yóò sì yọ́ ọ̀dà tó bò ó. Ẹ má ta ọ́ìlì sí béélítì rẹ̀, kí ó má baà máa yọ̀.

Ẹ má sì yára sọ pé kò sí ohun èlò rẹ̀ lọ́jà. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì Butterfly dúdú tí àwọn aránṣọ wa ń lò, ìlànà Singer oríṣi 15 ni wọ́n tẹ̀ lé ṣe é. Bí tiyín bá jẹ́ oríṣi 15, bọ́bìnì àti abẹ́rẹ́ ti Butterfly yóò bá a mu. Ẹ mú ti àtijọ́ náà dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé tuntun.

Àwọn ará ibòmíràn

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kàn. Ní Amẹ́ríkà àti ní Britain, àwọn kan ń wá ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ kiri. Ilé iṣẹ́ Maytag ní Amẹ́ríkà ṣe irú èyí tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń yí, nítorí àwọn àgbẹ̀ tí iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Òmíràn ní rólà méjì lórí, tí a ń ki aṣọ bọ àárín wọn kí omi lè fún jáde. Maytag kò ṣe irú onírólà yìí mọ́ láti 1983. Síbẹ̀, àwọn tó mọyì rẹ̀ ń tú u, wọ́n ń pààrọ̀ rọ́bà tó ti gbó, wọ́n sì tún ń fi fọ aṣọ. Ní Britain bákan náà, ẹgbẹ́ Tools for Self Reliance ti tún máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ ṣe, wọ́n sì ti kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Áfíríkà. Bí àwọn ará òkèèrè bá ń tún un ṣe ránṣẹ́ sí Áfíríkà, ó yẹ kí àwa náà yẹ ti inú yàrá wa wò.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àhesọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, wọ́n ń sọ kiri ní Saudi Arabia pé ohun iyebíye kan tí wọ́n ń pè ní mákúrì pupa wà nínú máṣíìnì Singer. Àwọn ènìyàn fi owó gọbọi ra máṣíìnì àtijọ́. Irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín sọ irú rẹ̀, tí ó ní kí ẹ mú owó wá, ẹ má dá a lóhùn. Kò sí wúrà kankan nínú máṣíìnì. Aṣọ tí ẹ bá fi rán ni owó rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

Mímọyì máṣíìnì kì í ṣe pé kí a fi aṣọ bò ó nínú yàrá. Máṣíìnì tí a kò yí yóò tún gan. Bí kò bá sí ẹni tó ń ránṣọ nílé yín, ẹ yá ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gba fríìdọ̀m tán, tí kò ní máṣíìnì tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ ẹni tó yá a, nọ́ńbà máṣíìnì, ọjọ́ tó gbà á, àti ọjọ́ tí yóò dá a padà. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Àwọn ìbéèrè

1. Ọdún wo ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ Clydebank pa?
2. Kí ni ọmọ-ọmọ ìyá àgbà rí lára máṣíìnì?
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi epo pupa sí máṣíìnì?
4. Ẹ yí máṣíìnì ọlọ́wọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀melòó ni abẹ́rẹ́ wá sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
5. Ẹ bi àgbàlagbà kan nílé yín léèrè ẹni tó ra máṣíìnì àkọ́kọ́ nínú ẹbí. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ìlà mẹ́rin.