Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ń bẹ onílé pé kó fi sùúrù mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ń kìlọ̀ fún àlejò pé kó kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu títí ojú rẹ̀ yóò fi là. Ẹnikẹ́ni tó bá ń múra àtilọ sìn lábúlé, ì báà jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí wọ́n rán láti Èkó lọ sí Òkè-Ògùn, ì báà jẹ́ ọmọ wa tí a bí sí London tó fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní Benin tàbí Tógò, òwe yìí ni kó kọ́kọ́ dì sẹ́rù.

Ìbàdàn rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1961. Ọdún náà ni Ààrẹ Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lè máa fi nǹkan bí ọdún méjì sìn nílẹ̀ òkèèrè. Accra ni ọ̀wọ́ kan, àwọn 51, balẹ̀ sí lóṣù kẹjọ. Kò pẹ́ sí i tí ọ̀wọ́ mìíràn fi dé Yunifásítì Ìbàdàn láti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, ẹni ọdún 23, kọ káàdì pélébé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní ojú títì ni àwọn èèyàn ibí ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Káàdì yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pín in káàkiri, ọgbà gbóná, wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo àwọn àlejò náà padà sílé. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì kúrò ní Nàìjíríà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

N kò ní bú u. Iná wà lójú títì Ìbàdàn lóòótọ́, ojú rẹ̀ kò parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì nílé tó ń sùn sí, owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló sì ń hó nínú epo yẹn. Èyí gba kéèyàn jókòó ti onítọ̀hún kó tó mọ̀ ọ́n.

Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ yìí láti inú ilé wa. Ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni ìjọba Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ apá kan lè lọ gbé láàrin àwọn ará apá mìíràn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àgùnbánirọ̀ méjì, tí à ń pè ní kọ́pà, wọ̀ sílé wa, ọ̀kan tẹ̀lé ìkejì. Lọ́jọ́ tí èyí àkọ́kọ́ dé, ìyá mi pa àgbébọ̀ adìẹ tó ń yé lọ́wọ́. Arákùnrin náà rò pé bí a ṣe ń jẹun lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí ẹran kò bá ti sí nínú ọbẹ̀, ojú rẹ̀ á le. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àlejò wa kò tíì lọ tí olówó fi ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún 13 lọ, ló ń pọnmi tí kọ́pà yìí fi ń wẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni, omi inú rẹ̀ nìkan á sì wọn kílò 25. Méjì lójúmọ́, kó tó lọ síléèwé. Ọkùnrin yìí kò burú o. Kò rí i ni.

Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ obìnrin, ọmọ Benue. Àǹtí Kọ́pà là ń pè é. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó béèrè pé, “Màmá, ta ló ń pọnmi?” Ó bá ẹ̀gbọ́n mi dé ìdí kànga, ó ká òṣùká lérí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rù. Omi dà sí i láyà títí dé ẹsẹ̀, gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó tún rù ú. Kò tó oṣù kan tí àwọn ìyá àdúgbò fi ń gbé ọmọ wọn tí ara rẹ̀ kò yá wá bá a, kó bá wọn ka ohun tí dókítà kọ. Ṣé o rí i, òwe tó ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun, ó kan àlejò pẹ̀lú.

Nítorí náà, ìwọ tó ń lọ, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ owó. Bí iléeṣẹ́ tó ń rán ọ lọ bá ń gba owó ilé àti oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ, béèrè iye tó ń dé ọwọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ náà. Bó bá kéré, ra iyọ̀, epo, ọṣẹ àti kẹrosíìnì, kí o gbé e fún ìyá ilé ní kọ̀rọ̀. Má ṣe na owó sí baálé lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Àjẹsára ibà pọ́njú, oògùn ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn, ìwọ ni kó ra tìrẹ. Má ṣe sọ ìtọ́jú ara rẹ di ẹrù wọn. Tọrọ àyè kí o tó ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé o máa padà wá gbẹ́ kànga fún wọn bí kò bá dá ọ lójú, nítorí wọn á máa retí rẹ.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa: má lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣeré nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ọmọ tó dì mọ́ ọ lónìí yóò sunkún rẹ lọ́la, ẹlòmíràn á tún dé, òun náà á tún lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì ní òbí láyé, òṣì ló gbé wọn débẹ̀. Ìyá tó bí wọn ni kí o ràn lọ́wọ́.

Ilé kì í ṣe ohun tí à ń mọ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Peace Corps ti ń ṣiṣẹ́ láti 1968, ọ̀dọ̀ ìdílé ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gbé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí iṣẹ́ ọdún méjì wọn tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ó tọ́. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ èdè, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí à ń kí ṣáájú àti ìgbà tí à ń dákẹ́.

Kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, jọ̀ọ́, pe ilé tí wọn yóò fi ọ́ wọ̀ sí. Kí baálé, kí ìyálé, béèrè orúkọ ẹni tó ń pọnmi nínú ilé náà, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ wá òṣùká kan sílẹ̀.