Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀lò: Ẹ Má Fi Ìbínú Fa Wáyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń jọ lo yàrá kọ̀ǹpútà nílé-ìwé, ìkìlọ̀ yìí kàn yín. Bí máòsì bá kọ̀ tí kò rìn, tí kíbọ́ọ̀dù náà kò tẹ nǹkan kan jáde, ẹ má gbá a mọ́ tábìlì, ẹ má sì já iná mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́nu lójijì. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ lè ṣòfò, bẹ́ẹ̀ wáyà tó tú díẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ọ̀ràn náà.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètò tí ẹ ń lò ló dì. Ẹ ní sùúrù fún un. Bí kò bá tàn, ẹ wo ẹnu wáyà. Ti USB ṣeé yọ pẹ̀lẹ́ kí ẹ sì fi bọ ihò mìíràn. Ṣùgbọ́n PS/2 ẹlẹ́nu róbótó, tó sábà máa ń jẹ́ elésè àlùkò fún kíbọ́ọ̀dù àti aláwọ̀ ewé fún máòsì, kò ṣeé yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní títàn. Ó lè ba inú ẹ̀rọ jẹ́.

Nígbà mìíràn, kò sóhun tó bàjẹ́. Lórí Windows, ẹni tó di Shift ọwọ́ ọ̀tún mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8 lè tan Filter Keys láìmọ̀, kíbọ́ọ̀dù á sì máa fo lẹ́tà tí a bá tẹ̀ kíákíá. Ẹ tún un dì mú bẹ́ẹ̀, yóò kú.

Bí ẹ bá rí ohun kékeré kan láàárín wáyà kíbọ́ọ̀dù àti ihò rẹ̀, ẹ má tẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà tó ń jí gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ pamọ́. Ẹ pe alábòójútó.

Nínú ìdánwò JAMB, ẹ má fọwọ́ kan wáyà rárá. Ẹ nawọ́ sókè. Bó bá jẹ́ máòsì nìkan ló kú, A, B, C àti D ni a fi ń mú ìdáhùn, N ń lọ síwájú, P ń padà sẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra fún S, òun ni a fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ má pààrọ̀ máòsì yín mọ́ ti ẹlòmíràn ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún alábòójútó kí ẹ tó dìde, torí ẹni tó bá dákẹ́ ti di ẹrù náà lé ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ lórí.