Rí Wo Ni?

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀, wọ́n ń yin ìtumọ̀ kan káàkiri báyìí pé ó yá, kò sì gbówó lórí. Níbi tí Yorùbá ti ní ojú opó kan rí nǹkan lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ ní opó náà wo ohun kan. Ìyà di ìwòran! Ẹni tó ṣe é gbọ́ èdè méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbójú fò dá: rí wo ni?

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń dáhùn. Ẹ gbé “Ṣé o ti rí i rí, báwo ló ṣe rí?” yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ní ohun tí à ń rí, “i”. Iṣẹ́ ojú nìyẹn. Èkejì gbẹ̀yìn, ìgbà tó ti kọjá ló ń sọ, bíi ti “mi ò jẹ ẹ́ rí”. Ẹ̀kẹta ń sọ bí nǹkan ṣe wà, bíi “ó rí rogodo”. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé rí, ojú ti kúrò níbẹ̀: ẹni tí kò rí jẹ kì í ṣe afọ́jú, ebi ló ń pa á. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ ló bá tẹ̀ lé e pàápàá, ó lè má jẹ́ iṣẹ́ ojú: obìnrin tó ní òun kò rí nǹkan oṣù kò wá nǹkan tì. Nọ́ọ̀sì mọ ohun tó kàn láti bi í. Bí ẹ bá sì ṣi àmì lò, ọkọ̀ tí a rí á di ọkọ̀ tó rì.

Ẹ ó ní òǹkàwé á fi òye gbé e. Òǹkàwé wo? Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lẹ̀ ń túmọ̀ fún. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló ní. Ẹ ó ní ìwé atúmọ̀ èdè wà. Láti orí àkójọ tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 dé ìwé ńlá tí R. C. Abraham gbé jáde ní 1958, títo ìtumọ̀ sílẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin lẹ ó yàn. Ẹ̀rọ ńkọ́? Ó yára, mi ò jiyàn. Ká ní ó tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ta ni yóò dá ìgbà kẹwàá mọ̀ bí ẹ kò bá béèrè rí wo ni?

Ìbéèrè náà kì í gba ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé ó rọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀, torí òun la kì í béèrè nípa rẹ̀. Opó yẹn kò wo nǹkan kan. Ojú rẹ̀ rí nǹkan ni.