Èéfín Tí Kì Í Rú: Gáàsì Àtinúdá H. G. Wells àti Ìṣòro Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ní òmìnira láti dá ohun tí kò sí láyé. Bí ó bá dá a tán, ó di dandan kí ó fún un ní ìwà, kí ìwà náà má sì yí padà. Àpẹẹrẹ kan ni Èéfín Dúdú inú The War of the Worlds, ìwé tí H. G. Wells gbé jáde ní 1898. Ohun ìjà ni. Àwọn ará Máàsì tí wọ́n gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń yìn ín. Ẹni tí ó bá fà á símú kò ní yè.

Èéfín yìí wúwo, ilẹ̀ ni ó ń wá, ó sì ń ṣàn wọ àfonífojì àti kòtò. Bí ó bá kan omi, ohun bí ìyẹ̀fun yóò bo ojú omi náà, yóò sì rọra rì. Bí a bá sẹ́ omi ọ̀hún, ó ṣeé mu. Wells tilẹ̀ dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí ẹ́límẹ́ǹtì àjèjì kan ti para pọ̀ mọ́ argon. Ìgboyà ńlá nìyẹn, nítorí argon, tí Rayleigh àti Ramsay kéde ní 1895, kì í fẹ́ bá ohunkóhun da pọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó kan olùkọ́ Yorùbá jù. Lédè Yorùbá, èéfín a máa rú. Òkè ni etí ń retí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tú u pé ‘èéfín náà rú bo ìlú’ kò ṣi gírámà lò, ṣùgbọ́n ó ti pa ẹ̀dá ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà tí ó sá gun ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì ní Street Cobham, tí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan ààbọ̀, tí ebi ń pa á, tí oòrùn ń jó o. Èéfín tí ó ń rú kò ní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. ‘Ṣàn’ ni ó yẹ, tàbí ‘kún’: ọ̀rọ̀-ìṣe omi. ‘Kùrukùru’ ìbá fẹ́ẹ̀ ṣe é pè é, nítorí òun a máa balẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rù iná nínú rẹ̀.

Ìwà yìí kò jìnnà sí ti gáàsì gidi. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú chlorine sílẹ̀ nítòsí Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù. Òun náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Inú kòtò tí àwọn ọmọ ogun sá pamọ́ sí ni ó ṣàn wọ̀.