Ẹ̀KỌ́ 14: KÀWÉ FÚN ÀBÚRÒ RẸ

Ní Kétu, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì CE2. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 4, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọwọ́ àbúrò yìí bá tẹ ìwé, yíya ni yóò ya á.

Lálaalẹ́, ìyá àgbà máa ń pa àlọ́ fún wọn. Tí àlọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ kékeré náà kì í mira rárá. Olùkọ́ sì ti sọ ní kíláàsì pé: “Ọmọ tó ń gbádùn àlọ́ yóò gbádùn ìwé, bí a bá ń kà á fún un.”

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àlọ́, ẹ̀gbọ́n mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ fi àwòrán han àbúrò rẹ̀.

“Kí ni bàbá yìí gbé lé èjìká?”

“Ọkọ́ ni!”

Ẹ̀gbọ́n wá ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kà: “Bàbá gbé ọkọ̀ lé èjìká, ó ń lọ sí oko.”

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọmọ mi, ta ló lè gbé ọkọ̀ lé èjìká? Tún un wò.”

Ẹ̀gbọ́n tún un wò. Àmì òkè ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àmì ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ èdè. Èdè ilé ni a fi kọ ìwé náà, nítorí náà gbogbo ilé ló lè bá wọn kà á.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń ka ojú ìwé kan lálaalẹ́. Níbi tí ìtàn bá ti dùn, ẹ̀gbọ́n á dúró, á bi àbúrò rẹ̀ pé: “Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀?”

Ní báyìí, àbúrò kì í ya ìwé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá. Kò tíì mọ a, b, d, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ràn ìwé.

Ìbéèrè
1. Kí ló pa àbúrò àti ìyá àgbà lẹ́rìn-ín?
2. Báwo ni ìyá àgbà ṣe mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ṣì í kà?
3. Kí nìdí tí àbúrò kò fi ya ìwé mọ́?

Kà á sókè
ọkọ – ọkọ́ – ọkọ̀ – ọ̀kọ̀
Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn.

Ṣe é nílé
Ní alẹ́ òní, ka ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ tó kéré jù ọ́ lọ. Ní kí àgbàlagbà kan gbọ́ ọ.