Bíbọ́ Ẹja Àrọ̀ ní Àkókò Ọyẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹja kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bí ewúrẹ́ tàbí adìẹ. Bí omi bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú jù, a máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tí ó tutù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí adágún yín jìn tó mítà 1.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, omi a tutù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú ẹja, kì í sì í jẹun púpọ̀. Oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù yóò jẹrà, yóò ba omi jẹ́, ẹja lè kú, owó yín a sì ṣòfò. Ẹ dúró kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó bọ́ wọn, kí ẹ sì dín oúnjẹ kù.